Ọmọ ọdún 11, egungun ọmọ ọdún 13: ṣé sísanra ló fà á?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Láti Ọ̀ffà ni mo ti ń kọ̀wé. Àkọ́bí mi obìnrin ti pé ọdún 11 àti oṣù mẹ́rin. Oṣù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù rẹ̀, àyà sì ń já mi, torí èmi pé ọdún 13 kí n tó rí tèmi. Kílò 52 ni, ó sì ga ní sẹ̀ntímítà 148. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nílé ìwé ní ìwòyí ọdún tó kọjá, 141 ni. Wọ́n ya X-ray ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ní egungun rẹ̀ ti di ti ọmọ ọdún 13. Ìyá ọkọ mi ní egungun rẹ̀ ló wúwo, pé bí ìran àwọn ṣe rí nìyẹn, kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀. Aládùúgbò mi ní kí n máa fún un lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ kó má baà kúrú. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé kò ní í ga mọ́ ni? Sẹ̀ntímítà 160 ni èmi, bàbá rẹ̀ jẹ́ 172."

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ìwé yín wúlò gan-an nítorí pé ẹ kọ àwọn nọ́ńbà sí i. Gíga ọdún tó kọjá ló wúlò jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kàn mẹ́nu bà á lásán ni. Bí mo ṣe lóye rẹ̀, nǹkan oṣù tètè dé, X-ray ní egungun ti gbó ju ọjọ́ orí lọ, ọmọ sì sanra. Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá sísanra ló fa méjì yòókù, àti bóyá gíga rẹ̀ ti parí. Sísanra wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Gíga rẹ̀ kò tíì parí, àmọ́ èyí tó kù kò pọ̀ mọ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ní tirẹ̀, ìpalára ni yóò ṣe fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ni kí á kọ́kọ́ yanjú, torí ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní egungun ọmọ jẹ́ ti ọdún 13, wọn kò sọ pé ó wúwo tàbí pé ó ki. Bó ṣe gbó tó ni wọ́n ń sọ, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo àgbàdo lórí ìdúró tí á ní èyí ti ń gbó, láìgbé e lé òṣùwọ̀n. Gbogbo egungun ara ènìyàn kì í ju nǹkan bí ìdá 15 nínú ìdá 100 ìwọ̀n ara lọ, nítorí náà kò sí ọmọ tí egungun nìkan lè sọ di ẹni tó fi kílò 10 wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú àlékún bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹran ara díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìran, màmá kò ṣìnà. Ọjọ́ orí tí ọmọbìnrin máa bàlágà ń tẹ̀lé ìdílé, ti bàbá náà sì kà bíi ti ìyá. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè pé ọdún mélòó ni àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ wà nígbà tí wọ́n bàlágà. Nílé àwa Mùsùlùmí pàápàá, àwọn ìyá àgbà kì í gbàgbé, nítorí ọdún yẹn ni ààwẹ̀ di dandan fún ọmọ. Bó bá ní ọdún 11 tàbí 12 ni, apá kan ìdáhùn yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

X-ray yẹn náà ń fẹ́ àlàyé, torí nọ́ńbà kan péré ni wọ́n máa ń kọ lé òbí lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò. Wọn á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ìka á ya ara wọn díẹ̀. Ìtànṣán tó ń wọ ara níbẹ̀ kéré, kò ju èyí tí gbogbo wa ń gbà lára ilẹ̀ àti ojú ọ̀run láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ, kò sí egungun kankan tí X-ray lè rí ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Egungun rírọ̀ bíi ti etí ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n máa jẹ́ nígbẹ̀yìn, wọ́n á sì máa hàn tẹ̀ léra: méjì àkọ́kọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn ní nǹkan bí ọdún 9 sí 10 fún obìnrin. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti tó ọdún 11, ìka ni ẹni tó ń ka fíìmù máa ń tẹjú mọ́ jù. Egungun ìka kọ̀ọ̀kan ní ọmọrí kékeré kan ní ìdí rẹ̀, àlàfo dúdú tín-ín-rín sì wà láàárín ọmọrí yẹn àti ara egungun. Àlàfo náà kì í ṣe òfo. Egungun rírọ̀ tó ń pọ̀ sí i ló wà níbẹ̀, X-ray ni kò rí i, irú rẹ̀ tó wà ní itan, ojúgun àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló sì ń mú ọmọ ga. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ọmọrí kì í fẹ̀ tó egungun rẹ̀. Tó bá yá, á fẹ̀ tó o, etí rẹ̀ á wá tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò ṣe ń gba ẹnu ìkòkò. Lẹ́yìn ìyẹn àlàfo á máa fún, títí tí á fi dí tí á ku ìlà funfun kan. Lẹ́bàá ìdí àtàǹpàkò, egungun kékeré kan bíi kóró ẹ̀wà á yọ ní nǹkan bí ọdún 11 fún obìnrin, lásìkò tí ọmọ ń ga kíákíá. Ṣóńṣó ìka níbi èékánná ló máa ń kọ́kọ́ dí, ní nǹkan bí àsìkò tí nǹkan oṣù bá dé. Ti egungun apá, lókè ọrùn ọwọ́, ló máa ń kẹ́yìn, ní nǹkan bí ọdún 16 sí 17.

Ẹ wò ó báyìí: ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, egungun bíi ti ọdún 13 ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 11, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Nǹkan oṣù ń tẹ̀lé egungun ju bó ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́ ìbí lọ. Nítorí náà, ìṣòro méjì tí ẹ rò pé ẹ ní, ẹyọ kan ni. X-ray kàn tún ohun tí ara ọmọ ti sọ fún yín sọ ni. Kí egungun sì fi ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ orí kò tíì kọjá ààlà. Ohun tó bá ju ọdún méjì lọ, níwájú tàbí lẹ́yìn, la máa ń wádìí kíkankíkan.

Báwo wá ni ọ̀rá ṣe ń sọ egungun di àgbà? Ẹrù lásán kọ́ ni ọ̀rá tó wà lára, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ń tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní lẹ́pítíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ wà nípamọ́, pé ara lè bẹ̀rẹ̀ ìbàlágà. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, ínsúlíìnì, họ́mónù tó ń darí ṣúgà ara, á máa ga nínú ẹ̀jẹ̀, òun náà sì ń ti egungun rírọ̀ létí pé kó máa dàgbà. Ẹ̀kẹta tún wà. Láti nǹkan bí ọdún 6 sí 8, àwọn ẹṣẹ́ kékeré (ẹ̀yà ara tó ń ṣe họ́mónù) tó wà lórí kíndìnrín máa ń ṣe irú họ́mónù kan tó jọ ti ọkùnrin, nínú ọ̀rá ni díẹ̀ lára rẹ̀ ti ń yí padà di ẹ́sítírójìn, họ́mónù obìnrin. Ẹ́sítírójìn yìí, bó bá kéré, á mú ọmọ ga kíákíá; bó bá pọ̀ tó sì pẹ́, òun kan náà ló ń mú kí egungun rírọ̀ gbó tó sì ń dí i. Ní 1994, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kọ nípa ọkùnrin ọmọ ọdún 28 kan tí ara rẹ̀ kò gbọ́ èdè ẹ́sítírójìn rárá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i: ó ga ní sẹ̀ntímítà 204, àlàfo egungun rẹ̀ kò tíì dí, ó sì ṣì ń ga. Láti ara ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ti hàn kedere pé ẹ́sítírójìn ló ń ti ilẹ̀kùn gíga, lọ́kùnrin àti lóbìnrin.

Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin tó sanra fi máa ń ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọdún 8, 9, 10, tí wọ́n á máa tò ó sẹ́yìn pátápátá lórí ìlà nílé ìwé, tí àwọn tó kéré sí i á wá bá a ní ọdún 13 tí àwọn kan á sì kọjá rẹ̀. Àwọn ènìyàn á ní ayé ti ṣe é, pé ó ti dúró. Kò sí ẹni tó ṣe é. Gíga tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ọdún púpọ̀ ga, òun ti tètè ga á ni.

Ẹ má sì gbà pé ìwọ̀n kan báyìí wà tí nǹkan oṣù ń dúró dè. Ní 1970, Rose Frisch àti Roger Revelle ní Amẹ́ríkà dá a lábàá pé bí ọmọbìnrin bá ti tó nǹkan bíi kílò 47 sí 48 ni nǹkan oṣù máa dé. Àbá náà gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọmọbìnrin fi ń rí nǹkan oṣù yàtọ̀ síra jù fún un láti dúró. Nǹkan sì tún wà: ìbàlágà fúnra rẹ̀ máa ń mú ọ̀rá wá sí ìbàdí àti itan. Nítorí náà, a lè sọ pé láàárín ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin, àwọn tó sanra ni egungun wọn ń tètè gbó. A kò lè nàka sí ọmọ kan ṣoṣo kí á ní kílò báyìí ló mú oṣù báyìí wá.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó ń ka èyí dúró sí ni pé kí wọ́n má wo ìwọ̀n láìwo gíga. Ọmọ tó ń sanra tó sì ń ga, oúnjẹ àti ìran ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tó ń sanra tí gíga rẹ̀ sì dúró, ìyẹn ló ń bà wá lẹ́rù. Bí ẹṣẹ́ táíróòdù tó wà lọ́rùn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọmọ á máa wú, òtútù á máa mú un ju àwọn yòókù lọ, awọ rẹ̀ á gbẹ, ìgbẹ́ á máa há a, á máa tòògbé. Bí ẹ bá ya X-ray rẹ̀, egungun rẹ̀ á wà lẹ́yìn ọjọ́ orí, kò ní í wà níwájú. Èkejì ni oògùn tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì fún àwọn tó fẹ́ sanra, pàápàá dexamethasone. Ó ń mú ojú rí rogodo, ikùn á yọ, ìlà aláwọ̀ pọ́pù á hàn lára, gíga á sì dúró gbọnin. Ìpara tó ń bóra, bó bá ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú, lè ṣe díẹ̀ lára èyí bí wọ́n bá ń fi gbogbo ara pa á fún oṣù púpọ̀. Bí ọmọ bá ti ń lo ọ̀kan nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má já a dúró lójijì o. Ara lè ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ọmọ lè dákú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tiyín ga ní sẹ̀ntímítà 7 láàárín ọdún kan, méjèèjì kò sì jọ tirẹ̀. Ìdí tí mo fi ní nọ́ńbà 141 yẹn ló wúlò jù nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì náà wà. Ọmọ tó rù ju bó ṣe yẹ lọ, egungun rẹ̀ máa ń rìn lẹ́yìn. A ń rí i gan-an lára àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde: wọ́n máa ń rù, nǹkan oṣù wọn máa ń pẹ́, egungun wọn lè fi ọdún kan tàbí méjì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣì máa ga nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti dúró. Bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 13 láìyọ ọmú rárá, tàbí tó pé ọdún 15 láìrí nǹkan oṣù, ẹ mú un wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọmú bá yọ kó tó pé ọdún 8.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò tiyín. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.48. Ẹ fi 1.48 ṣe ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀, á fún yín ní 2.19; ẹ fi pín kílò 52, á jẹ́ 23.7, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní BMI, tó ń fi kílò wé gíga. Lórí àtẹ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ọmọbìnrin tó ti lé ní ọdún 11 bí èyí, bó bá ti kọjá nǹkan bí 20, ó ti sanra ju bó ṣe yẹ. Bó bá kọjá nǹkan bí 24, ó ti di àìsàn ìsanrajù. Ọmọ yín ti fẹ́ kan ààlà kejì, kò tíì wọ inú rẹ̀. Ní ti gíga: ẹ ro tiyín pọ̀ mọ́ ti bàbá rẹ̀, ẹ yọ 13, ẹ pín in sí méjì, ẹ ó rí 159.5, ibi tí ìran á gbé e dé wà láàárín nǹkan bí 151 sí 168. Ọmọbìnrin tí egungun rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 13 ti ga tó nǹkan bí ìdá 95 nínú ìdá 100 gíga àgbà rẹ̀. Bí ẹ bá lo 148 fún un, á gbé e dé nǹkan bí 154 sí 157. Ọ̀nà kẹta tún fẹ́ bá a mu: lẹ́yìn nǹkan oṣù àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin á ṣì ga ní sẹ̀ntímítà 5 sí 7, àwọn tó tètè rí i sì máa ń fi díẹ̀ lé e. Ó lè kúrú sí yín díẹ̀. Kò ní í di aràrá.

Ìṣirò yìí ní ibi tó mọ. Ìwé àwòrán tí ọ̀pọ̀ ilé X-ray fi ń wo egungun, tí Greulich àti Pyle ṣe, láti ara àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun olówó ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya á, ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1942. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀ffà, kì í ṣe ọmọ Ìlọrin. Ẹni méjì tó mọ̀ ọ́n kà sì lè fi oṣù mẹ́fà ta kora lórí fíìmù kan náà. Nítorí náà, ẹ fi sẹ̀ntímítà 3 sí 5 sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ohunkóhun tí mo bá sọ nípa gíga.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìmọ̀ràn aládùúgbò yín léwu. Egungun tó ti gbó kò ní í padà di tútù nítorí ebi. Àlàfo tó bá ti dí, ó dí nìyẹn. Àsìkò yìí gan-an, ní nǹkan bí ọdún méjì tó yí ìgbà tí ọmọ ń ga jù ká, ni ara ń to nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo kálísíọ́mù tí egungun àgbà rẹ̀ máa ní. Ẹni tí ebi bá pa nígbà yẹn, ọjọ́ ogbó ni yóò san án. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dá ìbàlágà dúró, ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 8 ni wọ́n ṣe ń lò ó. Ní ọdún 11 tí nǹkan oṣù ti dé, kò ní í fi gíga kún un. Kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ bí màmá ṣe sọ náà kò tó, torí bí kílò bá ń lọ báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń dúró dè é, orúnkún àti ìgbáròkó rẹ̀ náà á jìyà. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ìwọ̀n rẹ̀ rọra máa lọ títí gíga á fi bá a. Bó bá dúró ní kílò 52 títí tó fi ga dé 155, BMI rẹ̀ á wálẹ̀ sí 21.6, ààlà tó yẹ ọmọ ọdún 13 sì jẹ́ nǹkan bí 21.8. Ó ṣòro kó má fi kílò kankan kún un, torí náà bó bá dé 54 ẹ má bínú sí i.

Oúnjẹ àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ: ìgò 35cl kan máa ń ní ṣúgà tó tó bíi kóró 9, kì í sì í yó ènìyàn. Ẹ gé òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ fi ewédú àti ẹ̀wà dí àyè rẹ̀. Ara ọmọ ọjọ́ orí yìí ń fẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 1,300 kálísíọ́mù lójúmọ́, èyí tí wàrà tiwa àti ẹja yọ̀yọ̀ tí a ń jẹ tegungun-tegungun lè ràn án lọ́wọ́ láti dé. Wàrà náà, inú ọbẹ̀ ni kí ẹ sè é sí, ẹ má máa dín in lójoojúmọ́. Nǹkan oṣù ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ̀wà, ẹran tàbí ẹ̀dọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ́n. Kó ṣeré tó wákàtí kan lójúmọ́. Tẹ́n-tẹ́n àti okùn fífò dára fún egungun ju ìrìn lọ, nítorí fífò ló ń sọ fún egungun pé kó ki. Gbogbo ilé ni kó jọ jẹ oúnjẹ yìí. Ẹ má ya àwo tirẹ̀ sọ́tọ̀ níwájú àwọn àbúrò, ẹ má sì pè é ní orúkọ tó kan ara rẹ̀.

Èyí kan ọ̀rọ̀ tí ẹ kò béèrè. Ara rẹ̀ jọ ti ọmọ ọdún 13, ọgbọ́n rẹ̀ jẹ́ ti ọdún 11. Àwọn olùkọ́ á máa retí ìwà àgbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin ojú pópó á máa pè é. Ẹ kọ́ ọ ní bó ṣe máa lo páàdì, ẹ sọ fún un pé ó lè lóyún báyìí, ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó lè sá bá bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Bó bá tiro, tàbí tó ní orúnkún tàbí ìgbáròkó ń dun òun, ẹ má fi àgbo wọ́ ọ. Ọmọrí egungun itan lè yẹ̀ lára ọmọ tó wúwo tó ń ga, orúnkún ló sì máa ń dùn wọ́n nígbà mìíràn, kì í ṣe ìgbáròkó. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà egungun, bíi UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Kó má fi ẹsẹ̀ náà rìn.

Fún gíga, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni kí ẹ máa wọ̀n ọ́n, torí àṣìṣe ìdajì sẹ̀ntímítà lè tàn yín jẹ tó bá jẹ́ lóṣooṣù. Kó bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀, ìdí àti ìpàkọ́ kan ògiri, kó wo iwájú gan-an. Bó bá di ṣùkú, ẹ dúró títí tí á fi tú u. Ṣùkú nìkan lè fi sẹ̀ntímítà mẹ́ta kún gíga. Ẹ gbé ìwé líle lé orí rẹ̀ kó dọ́gba, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì, kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Àárọ̀ ni kó jẹ́, torí gbogbo wa ń kúrú díẹ̀ kó tó di alẹ́. Òṣùwọ̀n kílò, orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n àti ọjọ́ tí nǹkan oṣù wá, ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà tò dọ́gba. Bí gíga kò bá lé ní sẹ̀ntímítà kan láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí kílò sì ń gòkè, ẹ mú ìwé náà wá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti tún ya X-ray kankan kó tó pé ọdún kan.